Ọwọ́ Tó Fi Oyin Kan Ètè Ọmọ: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Alàgbà Gòkè Níyìọlá, 1951 sí 2025

Ìrágbìjí, ìlú ẹsẹ̀ òkè, ni a ti bí Alàgbà Gòkè Níyìọlá ní ọdún 1951, ní Ilé Alágbẹ̀dẹ, níbi tí ẹwìrì ti ń jí ọmọdé kí àkùkọ tó kọ. Bàbá tó bí wọn ni Wàhábì Níyìọlá, alágbẹ̀dẹ tí àwọn àgbẹ̀ máa ń rọ́ dé iwájú rẹ̀ bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá tó bí wọn ni Morẹ́nikéjì, ọmọ Ìkìrun, ahunṣọ. Ọmọ ẹwìrì kọ́kọ́ jí. Ọmọ iná ò jẹ́ kí irin ó ṣagídí. Ọmọ a-rọ-ọkọ́-fólóko, a-rọ-abẹ́rẹ́-fáránṣọ.

Àṣà kan wà ní Ilé Alágbẹ̀dẹ tí ó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn mọ̀ ṣáájú, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ Bàbá so rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, bàbá tó bí ọmọ ni yóò ki ìka ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ bọ oyin, tí yóò sì fi kan ètè ọmọ. Kì í ṣe olórí ẹbí, kì í ṣe àlùfáà, kì í ṣe lèmọ́mù. Àwọn àgbà ilé ní ọwọ́ tó ń lu irin lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi adùn han ọmọ, kí ọmọ má baà bẹ̀rù rẹ̀.

Bàbá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìrágbìjí láti ọdún 1958 sí 1964. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà, wọ́n sì kà á dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Òṣogbo. Baba wọn ń rọ irin, àwọn ń jó irin pọ̀; ọmọ kò kúkú rìn jìnnà sílé. Ní ọdún 1973, àbúrò baba wọn tí ìjọba gbé wá sí Máídúgùrì pè wọ́n pé iṣẹ́ pọ̀ lókè ọ̀hún. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ kan àti àkàṣù ẹ̀kọ tí ó ti kan kí wọ́n tó dé Káfànchán.

Máídúgùrì gbà wọ́n. Ní ọdún kan péré, wọ́n ti ń fi Hausa ná ọjà ní Yerwa, àárín ìlú náà, wọ́n sì ti ní ọ̀rẹ́ kan tí kò fi wọ́n sílẹ̀ títí dòní: Malam Bukar, ọmọ Kanuri, wẹ́dà bíi tiwọn, tó jókòó síwájú níbí yìí láàárín wa.

Ní ọdún 1976, wọ́n pe Bàbá láti wá tún géètì olùkọ́bìnrin kan ṣe ní àdúgbò Wulari. Olùkọ́ náà ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ìbídùnní. Ìbídùnní kò kàwé kọjá kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Irun ni ó ń dì fún àwọn obìnrin lábẹ́ igi dógóńyárò, orin ni ó sì fi ń dì í: bí orin bá yá, irun á yá, bí orin bá fà, orí oníbàárà á gbóná. Géètì ti dára tán, Bàbá ò yéé wá yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ náà ní, “Gòkè, ṣé géètì mi ń ṣàìsàn ni?” Bàbá ní rárá mà, ara àwọn ni kò yá. Ọdún 1977 ni ìgbéyàwó, nínú ìjọ tí Ìbídùnní ti ń kọrin. Níbẹ̀ náà ni Bàbá ti gba ìrìbọmi, tí wọ́n sì di ọmọ ìjọ títí di ọjọ́ ikú wọn.

Ní ọdún 1979, wọ́n bí Tọ́láṣe. Bàbá ki ìka ìfábẹ̀lá bọ oyin, wọ́n fi kan ètè rẹ̀, ọmọ lá a, ó sì tún nahùn kí wọ́n fún òun sí i. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọdún 1984 ni ọ̀ràn dé. Ilé iṣẹ́ kan tó wá láti ọ̀nà jíjìn ń ri páìpù omi ńlá lẹ́yìn ìlú, Bàbá àti Malam Bukar sì wà lára àwọn tó ń jó páìpù náà pọ̀. Bí wọ́n bá jó o tán, àwọn kan á wá ya àwòrán ojú ibi tí irin ti pàdé irin, bí dókítà ṣe ń ya egungun. Ohun tí wọ́n fi ń yà á kéré bí hóró ẹ̀wà, inú àpótí òjé wúwo ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ìtànṣán ń jáde lára rẹ̀, ojú ò lè rí i, ara ò sì lè mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, wọ́n á ta okùn yí ibẹ̀ ká, wọ́n á fọn fèrè, gbogbo òṣìṣẹ́ á sì lọ dúró lẹ́yìn okùn. Òfin kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ wọn nìyẹn: jìnnà sí i.

Lọ́jọ́ kan, hóró náà já bọ́ sínú iyanrìn, àwọn tó ni ín kò mọ̀. Wọ́n ká okùn wọn, wọ́n ní kí iṣẹ́ máa lọ. Bàbá rí irin kékeré kan tó ń dán nílẹ̀, wọ́n rò pé ara ẹnu iná wẹ́dà àwọn ló ti yọ. Wọ́n mú un, wọ́n ń yí i láàárín ìka, wọ́n ń wò ó bóyá yóò wọ ojú ihò. Kò wọ̀ ọ́. Wọ́n di ọwọ́ mọ́ ọn títí wọ́n fi rìn dé ibi àpótí irinṣẹ́ wọn, wọ́n sì jù ú sí i. Ẹ̀yin ará, ọmọ alágbẹ̀dẹ wo ni yóò rí irin nílẹ̀ tí kò ní mú un?

Nígbà tó yá, ariwo ta. Àwọn ayàwòrán gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ké bọ̀, wọ́n ń fi wá a kiri. Bí ẹ̀rọ náà ṣe dé ẹ̀gbẹ́ àpótí Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí gúgúrú tó ń ta nínú ìkòkò, ọkùnrin tó gbé e lọ́wọ́ sì sá. Àgbàlagbà tó ga, tó síngbọnlẹ̀, ó sá tí bàtà rẹ̀ kan bọ́. Bàbá wo ẹni tó ń sá, wọ́n wo àpótí wọn, wọ́n wá wo ọwọ́ ọ̀tún wọn.

Ọwọ́ náà ò ro wọ́n lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi jẹun, wọ́n fi gbé Tọ́láṣe jó. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó pọ́n, kí ó tó máa yún wọn, kí ó tó wú bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ òróró gbígbóná. Ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín dúdú, èékánná bọ́, ojú egbò náà kò san. Ní ọdún 1985, wọ́n gé ìka méjèèjì. Dókítà tó gé wọn ṣàlàyé pé ìtànṣán náà ti ba ẹran ara jẹ́ láti inú wá, pé ó lè san tán kí ó tún yọjú lẹ́yìn ogún ọdún, ṣùgbọ́n kò sí nínú ọwọ́ náà mọ́, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni. Bàbá gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn rí ti borí ohun tí etí wọn gbọ́. Wọ́n ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ju àwọn lọ tó sá fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe sọ òfin ibi iṣẹ́ di òfin ilé. Wọ́n ta okùn láti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ara igi dógóńyárò inú àgbàlá wa, wọ́n gbé àga wọn sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ kọjá. Tọ́láṣe tí wọ́n ti ń gbé kọ́rùn tẹ́lẹ̀ sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1986, wọ́n bí Tìmẹ́hìn. Ní ọdún 1990, wọ́n bí Ìyìnọlá. Bí wọ́n ṣe wá dé, ẹ má bi wá: okùn kì í wọ yàrá. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé oyin kalẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Bàbá ká ọwọ́ sẹ́yìn. Alàgbà ìjọ ló fi oyin kan ètè àwọn méjèèjì, lójú bàbá tó bí wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Máídúgùrì mọ̀ pé ìkíni ibí kì í ṣe kékeré. A ó di ọwọ́ ara wa mú, a ó béèrè ilé, a ó béèrè iṣẹ́, a ó béèrè oòrùn. Bàbá kò jẹ́ na ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì sì rèé, ìwọ̀sí ni. Àwọn kan ní wọ́n ń gbéraga, àwọn mìíràn ní ẹ̀tẹ̀ ni. Malam Bukar nìkan ló rí ọgbọ́n dá: ọrùn ọwọ́ ni ó máa ń dì mú, bí a ti ń kí mẹkáníìkì tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún gírísì. “Ọwọ́ rẹ dọ̀tí ni, Gòkè,” á ní. “Ọjọ́ tó bá mọ́, mà á bọ̀ ọ́.”

Ìyàwó wọn, ní tirẹ̀, orin ni ó dá. Ó kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn okùn, òun á lé, wọ́n á gbè:

Ọwọ́ Bàbá dà?
Ó wà lẹ́yìn okùn.
Kí ló ń ṣe níbẹ̀?
Ó ń sinmi iṣẹ́.
Ìgbà wo ni yóò dé?
Bó bá dé, a ó jó.

Bàbá á máa rẹ́rìn-ín lórí àga wọn, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ gbè é. Tọ́láṣe ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ̀ gbádùn: “Èmi nìkan ni Bàbá gbé rí.” Tìmẹ́hìn á sì fi Hausa, èdè tó yá a lẹ́nu ju Yorùbá lọ, dá a lóhùn pé òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń gbé.

A kò ní kí ẹ rò pé ọ̀lẹ ni Bàbá dà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi tún iṣẹ́ wẹ́dà kọ́. Ní ọdún 1988, wọ́n ṣí ibi iṣẹ́ tiwọn ní ẹ̀gbẹ́ Yerwa. Ọ̀pọ̀ géètì àti irin ojú fèrèsé tí ẹ ń rí ní 1000 Housing Estate, níbi tí a kó lọ lẹ́yìn náà, tí okùn náà sì bá wa lọ, ọwọ́ òsì Bàbá ni. Bí ọyẹ́ bá dé, awọ ọwọ́ ọ̀tún náà, tí kò nírun, tó tinrín bí ìwé, á ya, á máa ta wọ́n bí ata. Ìbídùnní á gbé òrí sí wọn nítòsí, wọ́n á fi òsì pa ọ̀tún. Wọn kì í jẹ́ kí ó bá wọn fi pa á.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ìlú pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan la ó sọ. Bàbá ya àmì ewé mẹ́ta, àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ohun tó ní ìtànṣán, sára ògiri ibi iṣẹ́ wọn. Gbogbo baban-bólà, àwọn tí ń ṣa àkúfọ́ irin kiri, tó bá gbé ẹrù wá tà, wọ́n á kọ́kọ́ fi àmì náà hàn án, wọ́n á sì na ọwọ́ wọn jáde. Àwọn tí Bàbá kò jẹ́ bọ̀ lọ́wọ́, Bàbá jẹ́ kí wọ́n wo ọwọ́ náà kínníkínní. Wọ́n á ní bí o bá rí irin tó ní àmì yìí, fi í sílẹ̀, lọ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí ó san nǹkan fún wọn lórí èyí.

Ní ọdún 2009, ọ̀rọ̀ dókítà àkọ́kọ́ ṣẹ: egbò náà tún yọ. Wọ́n gba Bàbá sí ilé ìwòsàn. Dókítà Ọ̀rẹ̀fẹ́, ọ̀dọ́bìnrin kan láti Iléṣà, ló bu awọ láti itan wọn láti fi bo ojú egbò. Ó ṣàkíyèsí pé bí àwọn ọmọ bá dé, Bàbá á ki ọwọ́ náà sẹ́yìn ìrọ̀rí. Ó béèrè. Ìbídùnní sọ ọ̀rọ̀ okùn fún un. Dókítà kò jiyàn, kò wàásù. Ó lọ yá ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ olùkọ́ yunifásítì, irú èyí tó ké lọ́jọ́sí.

Ó kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ náà sún mọ́ ohun kékeré kan tí olùkọ́ náà fi ń dán an wò, gúgúrú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé ohun náà jáde, ó padà, ó wá gbé ẹ̀rọ sórí ọwọ́ Bàbá. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó kàn ń dún ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, bí ó ti ń ṣe nígbà tó gbé e sí ara ògiri, tó gbé e sí orí àga.

Bàbá ní, “Ẹ tún gbé e sún mọ́ ọn.”

Ó gbé e lé ojú egbò gan-an. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ní ìgbà náà ni Ìbídùnní wá tú ohun tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

“Bàbá Tọ́láṣe, láti ìgbà náà, bí ẹ bá ti sùn ni mo máa ń fa ọwọ́ yìí mọ́ra. Ẹ wò mí dáadáa. Ibo ni mo ti jó?”

Bàbá wò ó. Wọ́n béèrè ìdí tí kò fi sọ. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, wọn ì bá kó lọ sùn sí pálọ̀. Dókítà Ọ̀rẹ̀fẹ́ yíjú sí fèrèsé. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, omi náà kò sì tètè dá.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi tú okùn náà. Ìbídùnní ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nù. Aṣọ ni ó ń sá lé e títí di àná. Ṣùgbọ́n Bàbá jókòó, wọ́n ronú. Wọ́n ní àwọn ọmọ ti dàgbà kọjá ohun tí à ń gbé, ohun tó ti kọjá ti kọjá. Ìbídùnní ní kí ló kọjá, oyin kì í bàjẹ́.

Bí a ṣe ṣe ìsọmọlórúkọ Tìmẹ́hìn nìyẹn, pẹ̀lú irùngbọ̀n lẹ́nu rẹ̀, àti ti Ìyìnọlá, tó ti ń ṣe ọdún kìíní ní yunifásítì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009 náà ni. Àwọn ará ìjọ wá, àwọn ará 1000 Housing wá, wọ́n ń béèrè ọmọ tuntun. A fi Tìmẹ́hìn hàn wọ́n. Ó kúnlẹ̀, Bàbá ki ìka tó kù bọ oyin, wọ́n fi kan ètè rẹ̀. Tìmẹ́hìn lá a, ó ní, “Baba, ƙara mini,” pé kí wọ́n fún òun sí i. Ohùn Tọ́láṣe ọjọ́ kìíní ni, kò mọ̀. Nígbà tó kan Ìyìnọlá, kò lè lá oyin. Ó di ọwọ́ náà mú, ó fi bo ojú, ó ń sunkún sínú àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀. Malam Bukar kó èso dàbínù wá, ó dúró dè kí gbogbo ènìyàn tán, ó wá na ọwọ́. Kì í ṣe ọrùn ọwọ́ ni ó dì mú. “Ó ti mọ́,” ó ní. Ìbídùnní gbé orin rẹ̀, àwọn ọmọ sì yí ìdáhùn padà:

Ọwọ́ Bàbá dà?
Ó wà létè wa.
Kí ló mú bọ̀?
Oyin ló mú bọ̀.

Láti ìgbà náà, a ò rí ìsinmi ọwọ́ náà. Bàbá di ẹni tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ìjọ láti bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Bí o bá ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, wọ́n á wá ọ rí. Ní ọdún 2012, wọ́n fi wọ́n jẹ alàgbà. Nígbà tí ìlú dàrú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa padà sí ilé, wọ́n ní àwọn ò lọ: ìlú tó gbà wọ́n pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, àwọn ò ní fi í sílẹ̀ nígbà tí tirẹ̀ ń dùn ún.

Ní ọdún 2021, etí awọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn bẹ̀rẹ̀ sí í le. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní ohun tí ìtànṣán gbìn lọ́jọ́sí ló hù. Ní ọdún 2022, wọ́n gé ìka kan sí i, ó wá ku àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín. Ní ọdún 2024, ó ti dé abíyá. Ọdún náà ni ìyàwó Tìmẹ́hìn bí Ayọ̀midọ̀tun. Tìmẹ́hìn ní Bàbá ni yóò fi oyin kan ètè ọmọ òun. Bàbá ní rárá, àṣà ilé ni pé bàbá tó bí ọmọ ni, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn, àwọn ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dúró nìyẹn, tí ọmọ ń ké, títí Tìmẹ́hìn fi di àtàǹpàkò bàbá rẹ̀ mọ́ ìka ara rẹ̀, tó ki méjèèjì bọ oyin pa pọ̀. Ọmọ dákẹ́.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025, ní ilé wọn ní Máídúgùrì, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ìrora pọ̀ lópin, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Ayọ̀midọ̀tun jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó di àtàǹpàkò náà mú, ó ń fi í sẹ́nu, ó ń wá oyin.

Àwọn tí wọ́n fi sáyé ni ìyàwó wọn, Ìbídùnní. Àwọn ọmọ wọn, Tọ́láṣe, Tìmẹ́hìn àti Ìyìnọlá. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Adébùsọ́lá, Morẹ́nikéjì àti Ayọ̀midọ̀tun, àti èyí tí Ìyìnọlá ń retí. Àbúrò wọn, Bísíríyù, ní Ilé Alágbẹ̀dẹ. Àti Malam Bukar, tí a kò mọ bí a ó ṣe pè é bí kò ṣe ẹbí.

Gòkè, ọmọ ẹwìrì kọ́kọ́ jí, ọkọ Ìbídùnní, ọwọ́ oyin. Na ọwọ́ rẹ tààrà níbi tí o wà, ẹnìkan ò ní sá fún un. Kí ilẹ̀ Máídúgùrì tó gbà ọ́ láàyè gbà ọ́ pẹ̀lẹ́. Sinmi. A ti tú okùn.